Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ki Ọ̀gá

Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ràn àwọn ọ̀gá ju ara rẹ lọ, ìwọ òǹkàwé, pa ìwé yìí dé, kí o wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ ọ. Ìtàn bí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá ṣe lọ sókè òkun lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì kọ ìwé tó nípọn bí ìrọ̀rí, láti wá ohun tí obìnrin aránṣọ kan ti rí láàárín ogún ìṣẹ́jú ni. Wọn ò sì rí i.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ni Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Inú Ilé. "Pátápátá" yẹn, òun ló fi kún un fúnra rẹ̀. Ẹ-Dìde ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò ní wọlé láì jẹ́ pé akọ̀wé rẹ̀ ti sáré ṣáájú láti pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn dìde. Bí o bá ń jẹun, wàá dìde. Bí o bá wà lórí àkàbà tí ò ń pààrọ̀ gílóòbù, wàá sọ̀kalẹ̀, wàá kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn náà ni wàá wá dìde, kí ọ̀gá lè rí i dájú pé torí òun ni.

Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó fẹ̀ bíi fèrèsé, ṣùgbọ́n kò tan án rí. Akọ̀wé ló ń tẹ gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé sórí bébà. Ọ̀gá á fi bírò aláwọ̀ ewé kọ "Mo rí i" sí i lára, akọ̀wé á sì lọ fèsì. Lọ́jọ́ kan tí bébà tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, akọ̀wé fi lẹ́tà náà hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá kà á, ó mi orí, ó yọ bírò, ó sì kọ "Mo rí i" sójú gíláàsì. Ó wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Obìnrin tó ń nu ọ́fíìsì máa ń rọra nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, torí pé ìwé ìjọba ni.

Ọkùnrin yìí ni ìlú ní kó bá wọn yan ètò kọ̀ǹpútà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan kógbá wọlé, ó sì fi ọ̀ọ́dúnrún kọ̀ǹpútà tọrẹ fún ìlú. Àwọn kọ̀ǹpútà náà ò bàjẹ́, wọ́n kàn dàgbà ni: àwọn tó ṣe ètò tó wà nínú wọn ti kẹ̀yìn sí irú wọn, wọn ò ní bá wọn tún un ṣe mọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú wá pinnu pé kí a pín wọn fún àwọn ilé tí ọmọ ti ń kàwé, kí a sì fi Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, sínú wọn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n Linux kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi ló wà, bí ẹ̀wù tí a rán láti ara ìgàn kan náà: a ṣe èyí fún ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dójú àmì, a ṣe òmíràn fún ẹni tí kò mọ ohunkóhun. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Ẹ-Dìde lọ́wọ́ ò ju pé kó yan èyí tó rọrùn fún ẹni tí kò lò ó rí. Òfin sì sọ pé kí a dán an wò ní ilé mẹ́ta kí a tó pín in.

Ọmọbìnrin atúnkọ̀ǹpútàṣe kan wà ní ẹ̀ka náà, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí wáyà ò sì tán nínú báàgì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ló ti ṣe é tán. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé káfíńtà kan, sílé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti sílé ìyá aránṣọ kan tó ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ó fi oríṣi Linux kọ̀ọ̀kan sínú fláàṣì, ó ń ki wọ́n bọ ara kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aago lọ́wọ́, kò bá ẹnikẹ́ni dá sí i. Ìyá aránṣọ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀. Nígbà tó kan èyí tí wọ́n ń pè ní Mint, ó wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó rí bọ́tìnnì kan, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì tò síwájú rẹ̀ bí òwú nínú àpótí. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ó ti kọ ìwọ̀n oníbàárà mẹ́rin sílẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n tiẹ̀ ń ṣe kọ̀ǹpútà fún èèyàn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe wá kọ ojú ìwé kan. Ó ní Mint ni kí a fi sínú àwọn kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rọ tuntun nílé tirẹ̀, Ubuntu náà dáa, Zorin sì wà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ètò àtijọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ fi fláàṣì dán an wò, torí pé ìyẹn kì í pa nǹkan kan rẹ́ nínú ẹ̀rọ, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá a ṣiṣẹ́. Ó buwọ́ lù ú, ó gbé e tọ ọ̀gá lọ.

Ojú ìwé kan péré. Ìwọ náà ti rí ibi tó ti ṣẹ̀.

Ẹ-Dìde fi ìka méjì di bébà náà mú bí ẹni di ìrù òkú eku mú. Ó bèèrè ibi tí ìyókù wà. Atúnkọ̀ǹpútàṣe ní kò sí ìyókù. Ọ̀gá bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀fẹ́ ni.

"Ọ̀fẹ́," ni ọ̀gá wí, ó yíjú sí akọ̀wé. "Èmi náà nìyẹn, kí n dúró níwájú ìlú, kí n ní ọ̀fẹ́ ni mo rí yàn."

"Ìwọ̀sí gbáà ni, sà," ni akọ̀wé wí.

"Kí ló wà lára àmì ẹ̀?"

"Ó jọ ewé, sà," ni atúnkọ̀ǹpútàṣe dáhùn.

"Ewúrẹ́ ló ń jẹ ewé."

Atúnkọ̀ǹpútàṣe rọra sọ pé ìyá aránṣọ kan tí kò lo kọ̀ǹpútà rí ti fi ogún ìṣẹ́jú mọ̀ ọ́n lò. Ibẹ̀ gan-an ni orí ọ̀gá ti gbóná.

"Ohun tí aránṣọ lè mọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú," ó ní, "kí ni wọ́n wá ń fi olùdarí ṣe níbẹ̀?"

Jọ̀wọ́, tún gbólóhùn yẹn kà. Ní gbogbo ọdún yẹn, òun nìkan ni òótọ́ tó ti ẹnu ọkùnrin náà jáde.

Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá. Wọ́n rìnrìn-àjò lọ sókè òkun láti lọ wo Linux ní ìlú tí wọ́n bí i sí, kò sì sẹ́ni tó ní láákàyè láti sọ fún wọn pé gbogbo ayé ló jọ ń ṣe é, pé ó wà nínú fláàṣì tó wà ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ya fọ́tò níwájú ilé gogoro. Wọ́n tún padà lọ, torí pé fọ́tò àkọ́kọ́ kò gbé ojú ọ̀gá yọ dáadáa. Àbọ̀ ìwádìí wọn jẹ́ igba ojú ìwé ó lé mẹ́rìnlá. Ọgọ́ta ojú ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé Olùdarí Àgbà Pátápátá, láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ rìn, èyí tó yá ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ. Ní ojú ìwé igba ó lé mẹ́sàn-án, ìgbìmọ̀ sọ pé kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo Linux ayé tó mọ bí a ti ń bu ọlá fún aláṣẹ, àti pé ìlú gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀.

Ta ló máa ṣe é? Àna ọ̀gá ni, ẹni tó ń ta àpò fóònù. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ náà, ó yọ gbogbo bọ́tìnnì àti àwòrán tí èèyàn lè tẹ̀ kúrò, nítorí pé Ẹ-Dìde ti là á yé e pé èèyàn ńlá kì í nàka sí àwòrán kékeré, àṣẹ ló ń pa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun ní láti tẹ àṣẹ sójú dúdú kan tó ṣófo, àṣẹ ọ̀hún sì wà nínú ìwé kan tí wọn ò tíì kọ. Wọ́n sọ ètò náà ní Ọlá-Ńlá. Bí o bá tan kọ̀ǹpútà, àwòrán Ẹ-Dìde lo máa kọ́kọ́ rí, ohùn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn òṣìṣẹ́, olórí àwọn tó ń tọ́jú fáìlì sọ pé ẹ̀fọ́rí tó ti ń bá òun jà láti ọdún tó kọjá fò lọ bí òun ṣe gbọ́ ohùn náà. Ẹni tó jókòó tì í sọ pé omijé ló dí òun lójú, òun ò tiẹ̀ lè rí àwòrán ọ̀gá dáadáa, òun sì tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Akọ̀wé ò fẹ́ kí wọ́n borí òun.

"Sà," ó ní, "ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ò tó wa."

Ẹ-Dìde ronú sí i, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì sọ ọ́ di mọ́kàndínlógún. Ẹnì kan wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá bínú, ó sì pàṣẹ fún àna rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan lára ẹ̀rọ nígbà tí ohùn òun ń lọ lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún un. Ó tún ní kí wọ́n fi bébà tó ní òǹtẹ̀ ìjọba lẹ ihò fláàṣì gbogbo kọ̀ǹpútà pa, kí ẹlòmíì má baà fi ewé ewúrẹ́ sínú rẹ̀. Ilé tó bá ya bébà náà, wọ́n á gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe nawọ́ sókè, ó bèèrè ilé mẹ́ta tí wọ́n ti dán an wò. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá ẹrù lọ́jọ́ náà, kó máa ka wáyà. Kò bá wọn jà. Àmọ́ fláàṣì Mint tó fi dán iṣẹ́ wò nílé ìyá aránṣọ, kò lọ gbà á padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ẹni tí gbogbo rẹ̀ já lé lórí. Ọmọ ìyá aránṣọ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ilé-ìwé kan ṣoṣo ló ń kọ́ni ní irú ẹ̀ fún àwọn tí òbí wọn ò lówó, ọdún yìí sì ni ọjọ́ orí rẹ̀ máa gbà á wọlé kẹ́yìn. Àwòrán méjìlá ló ní láti fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé-ìwé náà kì í sì í gbà á láti orí fóònù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ìlẹ̀kùn máa tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ló ń dúró de àwọn kọ̀ǹpútà yìí nítorí fọ́ọ̀mù kan náà.

Ọjọ́rú ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ilé aránṣọ. Ọmọ náà tan án. Ẹ-Dìde yọ sí wọn, ó kí wọn káàbọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, ìyá ń rán bùláòsì lọ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú dúdú. Ọmọ tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, kò sóhun tó dáhùn. Ó pa á, ó tún un tan, Ẹ-Dìde tún kí wọn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìyá ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì rẹ̀ sí ohùn ọ̀gá. Wọn ò jẹ́ ya bébà ìjọba láti fi fláàṣì Mint sí i, kí wọ́n má baà gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà kó àwòrán rẹ̀ láti orí fóònù sínú fláàṣì mìíràn, ó ní tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì òun á wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní òdìkejì ìlú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìránṣẹ́ dé. Àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti òkè láti wá wo bí Ọlá-Ńlá ṣe ń tún ayé àwọn ìdílé ṣe, ilé aránṣọ ni ọ̀gá sì yàn, torí pé kọ́tìnnì wọn dára. Agogo méjìlá ni wọ́n á dé. Kí ẹnikẹ́ni má kúrò nílé. Bí wọ́n bá kúrò, wọ́n á gba kọ̀ǹpútà. Ọmọ ṣírò rẹ̀: méjìlá sí ọ̀kan, ó ṣì máa rí ọ̀nà lọ. Kò mọ̀ pé èèyàn ńlá tó bá dé lásìkò, kò sí bí wọ́n á ṣe mọ̀ pé ó tóbi. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ẹ-Dìde wọlé.

Alága àwọn olùbẹ̀wò jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó ti jókòó láti agogo méjìlá, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà lẹ́nu ọmọ. Wọ́n dìde fún ọ̀gá. Akọ̀wé ka oyè rẹ̀, ó tún ka oyè tí wọ́n ń retí láti fi kún un. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n tan kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ ìkíni bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń wo aago. Ó sọ sí ìyá rẹ̀ létí pé àwọn á ṣì rí ogún ìṣẹ́jú lò fún fọ́ọ̀mù náà bó bá parí. Alága bèèrè bóyá a lè fo ibẹ̀ kọjá. Ẹ-Dìde rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹran tí í fo ibi tó dùn jù. Ohùn náà ń lọ. Ó ku ìṣẹ́jú kan kó parí ni ọ̀gá rí i pé àwọn olùbẹ̀wò méjì lẹ́yìn ń tòògbé. Ó rò pé ohùn òun ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà láti fi kún ohùn náà, ó tẹ ọ̀kan.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ ìlú mi," ni ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Ọmọ náà dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ní kó jókòó, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá gan-an ò sọ nǹkan kan, ó ń fetí sí ara rẹ̀. Ìyá aránṣọ gbé aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ sídìí ògiri, ó yọ wáyà kọ̀ǹpútà.

"Ẹ ó bínú sí mi lẹ́yìn aago mẹ́rin, ọ̀gá," ó ní. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé bébà òǹtẹ̀ ìjọba kúrò lójú ihò fláàṣì méjèèjì bí ẹni tú ìgbátí aṣọ. "Ọmọ mi, wá ṣe é."

Akọ̀wé ní wọ́n máa gba kọ̀ǹpútà. Ìyá ní kí wọ́n gbé e lọ tí ọmọ òun bá ti lò ó tán. Ọmọ ti ki fláàṣì Mint àti ti àwòrán rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó so wáyà padà, ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì tí atúnkọ̀ǹpútàṣe ti fi hàn án láti fi sọ fún ẹ̀rọ pé fláàṣì ni kó bá dìde. Ìṣẹ́jú méjì, ojú rẹ̀ mọ́. Ó so íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣí fọ́ọ̀mù, ó kó àwòrán méjìlá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága dìde láti orí àga, ó wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́rin lù nígbà tí ilé-ìwé dáhùn pé àwọn ti gbà á. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Alága bèèrè ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn. Ẹ-Dìde tètè dáhùn pé apá kan ètò òun ni, pé òun ló pa á láṣẹ. Alága yọ awò rẹ̀, ó nù ún.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ jókòó, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan fún wa lórí ẹ̀. Ìlà méjì péré."

Ọ̀gá ní kí akọ̀wé bọ́ síwájú.

"Akọ̀wé ò sí nínú ọ̀ọ́dúnrún ilé tí ẹ kó èyí fún," ni alága wí. "Ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó."

Ó jókòó. Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Inú Ilé jókòó níwájú kọ̀ǹpútà inú ilé, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀. Wọ́n dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò sí ohun tó rọrùn tó ohun tó wà níwájú rẹ̀, obìnrin tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn ti fi ogún ìṣẹ́jú mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti mọ nǹkan, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n yọ ọ́ nípò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà padà, atúnkọ̀ǹpútàṣe kúrò ní yàrá ẹrù, Mint sì ti wà nínú gbogbo wọn kí oṣù náà tó parí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi ò ní pa tèmi. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló jókòó níwájú Ọlá-Ńlá lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ní ilé mìíràn, tí wọn ò ní fláàṣì, tí ìyá wọn ò sì ní sísọ́ọ̀sì nítòsí. Àwọn náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni náà títí aago mẹ́rin fi lù. Mẹ́fà nínú wọn, ọjọ́ orí wọn ti kọjá. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó kọ orúkọ wọn sójú ìwé kankan.

Ní àárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, atúnkọ̀ǹpútàṣe máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú pẹ̀lú fláàṣì mélòó kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wá dán Linux wò kó tó fi sílé. Èrò máa ń tò dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò dìde fún mọ́ gbé kọ̀ǹpútà ńlá sábẹ́ apá, òun nìkan, láìsí akọ̀wé, ó tò bí gbogbo ayé. Nígbà tó kàn án, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló rán òun pé kí òun wá bèèrè èyí tó rọrùn jù.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe kí i dáadáa, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọn, ó sì bi í léèrè ohun tó ń bi gbogbo èèyàn.

"Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe, sà?"

Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo òrùlé gbọ̀ngàn, ó wo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀: ìyá kan tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn odi, awakọ̀ kan tó fẹ́ kọ́ èdè, ọmọge kan tó ti há fọ́ọ̀mù sí abíyá. Atúnkọ̀ǹpútàṣe dúró dè é pẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò jáde, ó rọra ní kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹni tó mọ nǹkan tó fẹ́ ṣe lè jókòó.